Ilé nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé kí a kọ́ ọ, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Akọgéèmù Ìgbógbó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti ń kọ géèmù kan láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn nínú yàrá kan ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Géèmù náà jẹ́ irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú yóò yan ẹni tí òun fẹ́ jẹ́, ìbáà ṣe apẹja, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ tàbí oníṣòwò, tí yóò sì máa gbé ayé ẹni náà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Etí ọ̀sà ni a fi ìtàn rẹ̀ sí, nítorí pé etí ọ̀sà ni a dàgbà sí, a mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ ní Ìpakodò, a sì mọ bí òórùn ẹja yíyan ṣe ń gba gbogbo Báyékù kan ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ló di àríyànjiyàn láàárín wa. Nígbà tí a fún bí ọgọ́rin ènìyàn láàyè láti dán géèmù náà wò, ohun tí wọ́n bi wá jù lọ ni pé, "Níbo ni ilé tèmi wà?" Wọ́n ti pa ẹja, wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n ti gba idà lọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọn yóò gbé e sí tí àlejò yóò fi rí i. Méjì nínú wa ní kí a pín etí ọ̀sà sí pulọ́ọ̀tì, kí ẹni tó bá lówó nínú géèmù ra tirẹ̀, kí ó sì kọ́lé síbẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Ẹnìkẹta ní kí a má ṣe ilé rárá, nítorí pé àwọn ènìyàn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ọjà yóò sì dá páropáro.

Ní tèmi, ohun tí ojú mi ti rí ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní ilé kan nínú géèmù kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ṣàìsàn, mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn fún oṣù méjì gbáko tí n kò fi ojú kan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo padà dé, ilé ti di wíwó, ẹlòmíràn ti kọ́ tirẹ̀ sí ojú ibẹ̀. Àtùpà kan wà nínú ilé yẹn tí ọ̀rẹ́ mi kan fún mi kí ó tó fi géèmù náà sílẹ̀. Àtùpà yẹn ló dùn mí ju ilé lọ. N kò wọlé síbẹ̀ mọ́ títí di òní, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí a ṣe?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ kọ́ ilé, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́. Géèmù The Elder Scrolls Online ni mo ń gbá. Ọdún 2014 ni ó jáde, ṣùgbọ́n oṣù Kejì ọdún 2017 ni wọ́n tó mú ilé wọ inú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà ló fà mí wọ̀ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí iná bá wà, a máa ń pàdé nínú ilé mi. A kì í jà, a kì í wá ìṣúra kiri. A kàn máa ń tún àga tò ni, tí a ó sì máa sọ̀rọ̀ nípa ìyá wa. Mo mọ̀ pé a lè pe ara wa lórí fóònù, ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti tán, ìpè tán nìyẹn. Nínú ilé yẹn, a lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wá bí òun yóò ṣe dágbére.

Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹni tó bá ra irú ilé kan ń gbà wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n oníkálukú yóò bá tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí náà, rírà tí èmi rà kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń banú jẹ́ ni pé n kò ní aládùúgbò. Bí mo bá yọjú láti fèrèsé, kò sí ẹnìkan tí mo lè kí.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Oníṣòwò Sábó

Ẹni kẹta yín tó ní kí ẹ má ṣe ilé kò sọ ìsọkúsọ o, ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, géèmù World of Warcraft fún gbogbo ẹni tó ra apá tuntun géèmù náà ní ibùdó tirẹ̀. Ibi ìwakùsà wà nínú ibùdó náà, ọgbà ewé wà níbẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn tí a lè rán níṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí gbogbo ohun tí ènìyàn ń wá kiri ti wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ni yóò tún jáde lọ wá? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ṣàròyé pé ibùdó náà ya àwọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Níbi tí mo wí yìí, wọ́n gbé oko wọ inú ilé. Bí ẹ bá máa kọ́ ilé, ẹ má fi ọjà, àgbẹ̀dẹ tàbí adágún ẹja sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹja, kí ó gbé e jáde lọ sí etí omi bí a ti ń ṣe.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Awọnlẹ̀ Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kì í gbá géèmù, ọmọ mi ọkùnrin ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọn ilẹ̀, nígbà tí mo sì gbọ́ pé ẹ fẹ́ pín etí ọ̀sà sí pulọ́ọ̀tì, àyà mi já. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣí ilẹ̀ tuntun? Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ yóò ra mẹ́wàá mẹ́wàá, wọn kò ní kọ́ ẹyọ kan, igbó yóò bò ó, wọn yóò sì dúró de ìgbà tí owó rẹ̀ yóò gòkè. Ẹni tó nílò ilé lóòótọ́ yóò dé lẹ́yìn, yóò bá òpó ààlà kiri, kò ní bá ibi tí yóò sùn.

Mo bi ọmọ mi bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú géèmù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ultima Online, tó jáde ní ọdún 1997, tí ènìyàn lè kọ́lé sí ibi tó bá wù ú nínú ayé náà. Ilẹ̀ kún. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé inú géèmù fún ara wọn ní dọ́là gidi. Ilé tí onílé kò bá sì yọjú sí yóò máa gbó lọ títí yóò fi wó, àwọn mìíràn á sì pagbo yí i ká, wọ́n ń retí kí ó wó kí àwọn lè kó ẹrù inú rẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ Ìkòròdú ló tún irú rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ohun tí mo rò nìyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agbo ilé ni a ń gbé. Yàrá oníkálukú dá wà, ṣùgbọ́n àgbàlá kan náà ni gbogbo wa ń yọ sí, bí ẹnìkan bá ń gúnyán, gbogbo agbo ilé ló gbọ́. Bí àyè bá kún, a ó kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ kò lè tán àfi bí ẹ̀yin bá fẹ́ kí ó tán. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín dá ọ̀wọ́n sílẹ̀?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Agbágéèmù Ìmọ́tà

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, sà. Mo fẹ́ fi tèmi kún un. Nínú géèmù Final Fantasy XIV, ọgọ́ta pulọ́ọ̀tì ni ó wà nínú àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ débi pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò rà á. Bí onílé kò bá wọ ilé náà fún ọjọ́ 45, ó lè di wíwó. Mo mọ̀ pé nítorí kí ilẹ̀ lè kárí ni wọ́n fi ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó lópin ló bí òfin yẹn. Nígbà tí àwọn tó ni World of Warcraft wá ń múra láti mú ilé wọ inú tiwọn, wọ́n kéde ní ọdún 2025 pé kò ní sí gègé, pé ilé kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí owó oṣooṣù rẹ̀ bá tán. Àdúgbò tó ní bí àádọ́ta ojúlé ni wọ́n ṣe, tí àdúgbò tuntun sì ń ṣí bí àwọn ti tẹ́lẹ̀ bá ti ń kún. Ó sún mọ́ agbo ilé tí Bàbá wí.

Akọgéèmù Ìgbógbó

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn méjì tó ń wí pé pulọ́ọ̀tì kò sì fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan kù. Sáfà kékeré, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni a ń yá lóṣooṣù, dọ́là ni a sì fi ń san owó rẹ̀. Bí a bá ní a kò ní wó ilé ẹnikẹ́ni láé, ṣé ilé àwọn tí kò ní padà wá mọ́ kò ní kún un fọ́fọ́?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùtọ́jú Sáfà, Ìjẹ̀dẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀. Fún ẹrù kan nínú ilé, ohun tí ẹ nílò láti pa mọ́ ni irú ẹrù tí ó jẹ́, ibi tí ó wà àti ibi tó kọjú sí. Báìtì ni a fi ń wọn àyè ìpamọ́ nínú kọ̀ǹpútà; báìtì 40 yóò gbà á, yóò sì ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá gba ẹrù 200 láàyè nínú ilé kan, báìtì 8,000 ni. Ilé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yóò wá jẹ́ mẹ́gábáìtì 80 (mílíọ̀nù báìtì kan ni mẹ́gábáìtì kan), èyí tí kò tó nǹkan fún sáfà. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan láti wó ilé ẹnikẹ́ni. Bí onílé kò bá yọjú fún oṣù mẹ́ta, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ di ẹrù rẹ̀ pa mọ́, ẹ fi ojúlé náà fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ tó bá dé, ẹ fún un ní ojúlé mìíràn, kí ó bá àga àti àtùpà rẹ̀ bí ó ti tò wọ́n sí.

Ibi tí wàhálà wà ni fóònù àwọn tó ń gbá a. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá dúró nínú àgbàlá, tí fóònù olówó pọ́ọ́kú ní láti ya àwòrán gbogbo ẹrù inú gbogbo yàrá sójú rẹ̀, yóò gbóná, yóò sì kú. Ẹ jẹ́ kí àgbàlá fi ojú ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan hàn, kí ẹrù inú yàrá má sọ̀kalẹ̀ sórí fóònù àfi bí ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn. Lójú tèmi, ẹrù mẹ́ta ló tó lọ́dẹ̀dẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó gidi, ẹ̀gbọ́n, ẹ lè ta aṣọ ìkélé àti ẹní ẹlẹ́wà fún wa, a ó rà á. Ṣùgbọ́n yàrá àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ilé ìwé tí kò ní káàdì ìsanwó.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Awọnlẹ̀ Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò bi. Bí onílé bá kú ńkọ́? Àbúrò ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ wà ní òkè òkun, ilé yẹn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá wọn. Ta ni yóò ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Mo ti rí ẹbí tó túká nítorí pé bàbá wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Akọgéèmù Ìgbógbó

Bàbá, a kò tilẹ̀ rò ó dé ibẹ̀. A ti fẹnu kò báyìí pé agbo ilé ni a ó kọ́, yàrá méjìlá sí àgbàlá kan, kò ní sí ọjà nínú rẹ̀, a kò sì ní wó tẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ òní ni mo fi ìlà kan kún ojú ewé tí ènìyàn yóò kọ̀wé sí nígbà tó bá ń gba yàrá: orúkọ àrólé. Mo ti kọ tèmi sí i, orúkọ àbúrò mi ni.