GAIN, PAD àti 48V lórí míkísà kékeré: èwo ló ń ṣe kí ni?

Ọmọ Onílù:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Míkísà Yamaha MG10XU ni mo fi ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá. Máìkì condenser (èyí tó nílò iná 48V láti inú míkísà) wà ní ojú (channel) 1 fún ohùn, dynamic (èyí tí kò nílò iná) wà ní ojú 2 fún gángan, USB ló ń gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ohùn ń bá ariwo ṣììì wọlé bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè. Gángan ní tiẹ̀ ń ya, ó ń ha létí, bẹ́ẹ̀ mítà kọ̀ǹpútà ò tíì dé ìdajì. Ní ojú 1, GAIN wà nílẹ̀, LEVEL (tó ń gbé ojú náà sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tó bá ń jáde) wà lókè pátápátá. Ní ojú 2, mo yí GAIN sókè, mo wá fa LEVEL wálẹ̀. Ibo ni kí n fi wọ́n sí? Ṣé 48V ò sì ní ba dynamic yẹn jẹ́? Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ojú.

Bàbá Wáyà:
Àbúrò, àìsàn kan náà ló ń ṣe ojú méjèèjì. GAIN kọ́ là ń fi mú orin dún sókè. Iná tó ń jáde lára máìkì kéré jọjọ, GAIN ló ń sọ ọ́ di ńlá kó tó dé EQ (tó ń tún bàsì àti tírẹ́bù ṣe), kó tó dé LEVEL. Gbogbo ibi tó ń gbà kọjá nínú míkísà ló sì ní ariwo díẹ̀ tirẹ̀. Bí ohùn bá kéré títí tó fi kọjá níbẹ̀, tí o wá fi LEVEL gbé e, o gbé òun àti ariwo pọ̀ ni. Ibi tí ṣììì ti wá nìyẹn. Gángan ní tiẹ̀ ti fọ́ lẹ́nu GAIN. LEVEL ò lè tún ohun tó ti fọ́ ṣe, á kàn mú un kéré ni, òun ni mítà kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún ọ pé ara dá.

Ṣe é báyìí. Fa LEVEL ojú méjèèjì àti STEREO LEVEL (ti gbogbo ojú lápapọ̀) wálẹ̀, fi EQ sí àárín, pa COMP (tó ń tẹ ohùn tó bá le jù mọ́lẹ̀). Kọ ibi tó le jù nínú orin náà gan-an, má kàn máa sọ "hẹ́lò, hẹ́lò". Máa yí GAIN sókè díẹ̀díẹ̀ títí iná PEAK á fi ṣẹ́jú, kí o wá dá a padà títí kò fi ní tàn mọ́. Nígbà tó bá ku 3 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) kí ohùn ya ni iná yẹn máa ń tàn, nítorí náà dá a padà kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, torí bí orin bá wọ akọrin lára, ohùn rẹ̀ á lé. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé LEVEL àti STEREO LEVEL dé àmì ▼. Lórí kọ̀ǹpútà, kí ibi tó ga jù máa lu bíi -12 sí -6 dB. Kò sẹ́ni tó ń lé 0.

Ní ti gángan, sún máìkì sẹ́yìn ná, bí i 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí GAIN bá wà nílẹ̀ tí PEAK ṣì ń tàn, tẹ PAD, á gé 26 dB kúrò. LEVEL gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́, torí ó máa ń pariwo pọ́! Wo PAD ojú 1 náà dáadáa. Bí ẹnìkan bá ti tẹ̀ ẹ́ gbàgbé, o máa fẹ́rẹ̀ẹ́ yí GAIN tán kí ohùn tó dé ibi tó yẹ.

Ìyá Sítúdíò:
Ẹ kú àlàyé, Bàbá Wáyà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti 48V.

Kò ní ba dynamic jẹ́ bí wáyà XLR (wáyà máìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) bá pé. Iná náà ń gba ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3 bákan náà, nítorí náà kò sí èyí tó ń ṣàn gba inú máìkì kọjá. Wáyà tí wọ́n jó kù-díẹ̀-káàtó ni kí ẹ bẹ̀rù, pàápàá tó bá jẹ́ máìkì ribbon àtijọ́ (tí irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín wà nínú rẹ̀) ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ki wáyà bọ̀ ọ́ kọ́kọ́, LEVEL nílẹ̀, tẹ 48V, ka ení dé ẹ̀wá kí o tó gbé nǹkan kan sókè. Tí o bá fẹ́ yọ máìkì, pa 48V ná, dúró díẹ̀.

Ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: ihò àárín ojú 1 àti 2 gba jáàkì. 48V kì í dé ibẹ̀. Bí o bá fi wáyà XLR-sí-jáàkì ki condenser síbẹ̀, kò ní fọhùn rárá.

Bọ́tìnnì HPF ń gé ìró tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz (ìró tó rẹlẹ̀ gan-an): ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, atẹ́gùn fáànù, ìró jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Tẹ̀ ẹ́ fún ohùn. Má tẹ̀ ẹ́ fún gìtá bàsì, okùn rẹ̀ tó nípọn jù ń dún ní nǹkan bí 41 Hz. COMP ńkọ́? Díẹ̀ kì í burú fún ohùn.

Bàbá Wáyà:
Ìyá Sítúdíò, ẹ jẹ́ kó wà ní pípa. Ohun tí COMP bá ṣe ló ń bá USB wọ inú fáìlì, a ò sì lè yọ ọ́ mọ́. Ti kọ̀ǹpútà ṣeé yí padà lọ́la.

Ọmọ Onílù:
Ẹ ṣé gan-an. PAD ojú 1 ló wà ní títẹ̀ lóòótọ́! Ọ̀kan ṣẹ́kù: ohùn àti gángan ń wọlé pọ̀ sórí tíráàkì kan. Ṣé mo lè yà wọ́n?

Ìyá Sítúdíò:
Ojú méjì péré ni USB rẹ̀ ń gbé, òsì àti ọ̀tún, ṣùgbọ́n èèyàn méjì náà lo ní. Yí PAN (tó ń darí ohùn sí òsì tàbí ọ̀tún) ojú 1 sí òsì pátápátá, ti ojú 2 sí ọ̀tún pátápátá. Nínú kọ̀ǹpútà, ṣí tíráàkì mono (olójú kan) méjì, fún ọ̀kan ní input 1, fún èkejì ní input 2. Kí o sì fa FX (tó ń fi gbohùngbohùn kún ohùn) wálẹ̀ ní ojú méjèèjì, torí gbohùngbohùn rẹ̀ ń jáde ní òsì àti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, á da ohùn rẹ padà sórí gángan.