Ríìmù ọkọ̀ tuntun lára píkọ́ọ̀pù àtijọ́: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dè é

Ọmọ Ọkọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Píkọ́ọ̀pù Ford F-150 ọdún 1996 ni mo ń wà. Ríìmù onírin ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà débi pé afẹ́fẹ́ ń jò létí táyà. Ẹnì kan fẹ́ ta ríìmù aluminiọ́mù mẹ́rin fún mi, ara F-150 ọdún 2001 ló ti tú wọn. Ihò bóòtù márùn-ún ni, bíi tèmi. Mo gbé ọ̀kan kọ́ ọ lánàá: bóòtù méjì wọlé, mẹ́ta tó kù ń gbá etí ihò. Ó ní kí n ṣáà máa fún nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, pé yóò fa ara rẹ̀ wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, jọ̀ọ́, má fún un o. Gbé e sílẹ̀ ná kí Bàbá Àgbà dé.

Bàbá Àgbà: Mo ti dé. Àbúrò mi, yọ ọ́ kúrò. Àwọn F-150 tó wọ́pọ̀ títí dé 1996, òbírí tí bóòtù márààrún tò lé lórí fẹ̀ tó mìlímítà 139.7, ìyẹn ìnṣì márùn-ún ààbọ̀. Láti 1997 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 135. Nígbà tó di 2004, bóòtù di mẹ́fà. Ìyàtọ̀ 4.7 ni, ojú lásán kò lè rí i, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Mú rúlà. Àárín bóòtù ṣòóro rí, nítorí náà wọ̀n ọ́n láti etí òsì bóòtù kan dé etí òsì èyí tó tẹ̀ lé e. Tó bá fún ẹ ní nǹkan bí 82, 139.7 nìyẹn. Tí kò bá pé 80, 135 ni. Ṣe bákan náà fún ihò ríìmù. Tó o bá fi agbára fà á wọlé, nọ́ọ̀tì á jókòó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, bóòtù á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí, lọ́jọ́ kan á kán.

Ọmọ Ọkọ̀: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo wọ̀n ọ́n: bóòtù 82, ihò ríìmù 79 àti díẹ̀. Mo ti dá a padà. Mo tún rí ti píkọ́ọ̀pù míì, Ram 1500 ọdún 2010, ihò márùn-ún, 139.7. Ṣé kí n rà á?

Bàbá Àgbà: Má tíì rà á. Ihò ńlá tó wà láàárín ríìmù Ram yẹn jẹ́ 77.8. Wọn ìbú họ́ọ̀bù tìrẹ, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ríìmù ń jókòó lé. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní wọlé, bóòtù ì báà bára mu. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa ọkọ̀ rẹ, ti iwájú ni kó o kọ́kọ́ wọ̀n, torí họ́ọ̀bù ibẹ̀ máa ń yọrí síta. Ìkejì, ríìmù ọkọ̀ tuntun sábà máa ń wọnú ju ti àtijọ́ lọ. Yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì, kó o wò ó bóyá táyà ń ha irin kankan, kó o sì rí i pé ríìmù kò kan kálípà bíréèkì, ìyẹn irin tó ń fún bíréèkì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ kó o fetí sí jù. Mo ti gbé ríìmù aluminiọ́mù sí ọkọ̀ rí, mo sì fi nọ́ọ̀tì ríìmù onírin dè é. Ẹnu nọ́ọ̀tì mi ṣe ṣóńṣó bí òkòtó. Ríìmù yẹn sì fẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní wásà. Ó le dáadáa lọ́wọ́, mo ní ó ti parí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀kọ̀kọ̀ tí mo bá ti yà. Mo rò pé bíréèkì ni. Nígbà tí mo gbé jáàkì sí i, ìka ni mo fi yí nọ́ọ̀tì méjì kúrò. Ihò tó yẹ kó rí róbótó ti gùn bí ẹyin, ẹ̀tù aluminiọ́mù dúdú sì lẹ̀ mọ́ gbogbo bóòtù. Àwọn ọmọ mi ló wà nínú ọkọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ara mi ṣì ń gbọ̀n tí mo bá rántí.

Nítorí náà, nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún ríìmù ni kó o rà, kí òwú rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí po inú rẹ̀, bá ti bóòtù mu. Aluminiọ́mù nípọn ju irin lọ, bóòtù lè wá kúrú. Bóòtù onílàjì ìnṣì, òwú 20 sí ìnṣì kan: fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, kó yí tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá kó tó jókòó. Tí kò bá tó, bóòtù gígùn ni kó o fi rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Níbi tí mo wà, wọ́n ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù máa ń le bí èépá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin á fi hàn. Ẹ sì wo ìdí bóòtù: nígbà míì, ilé iṣẹ́ máa ń fi irin pẹlẹbẹ kékeré há ìlù bíréèkì mọ́ ibẹ̀. Ẹ yọ ọ́, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ríìmù kò ní lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Ẹ má da ọ́ìlì sí òwú bóòtù.

Ọmọ Ọkọ̀: Ẹ ṣé, mà. Spacer, irin tí wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù, èyí tó ń sọ 139.7 di 135 ńkọ́?

Bàbá Àgbà: Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ni, èmi ò ní fi sí i. Àní sẹ́, wo ẹ̀yìn ríìmù yòówù tó o bá rà, wọ́n tẹ ìwúwo tó lè gbé síbẹ̀. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn awakọ̀ ló máa sọ ìwúwo tí wọ́n gbà fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Pín in sí méjì, ríìmù kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín sí i. Táyà tí lẹ́tà P ṣáájú ìwọ̀n rẹ̀, fi 1.1 pín ìwúwo tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó lè gbé, tó bá jẹ́ píkọ́ọ̀pù lo fẹ́ fi sí.

Tó o bá dè é, fún nọ́ọ̀tì ní ìfòdá, má tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹẹsẹ. Torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, ni kó o fi parí rẹ̀, ní iye tí ìwé ọkọ̀ àti ti ríìmù bá sọ. Lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160, tún un yẹ̀ wò. Má sì gbàgbé táyà àfipamọ́: nọ́ọ̀tì àtijọ́ ni ríìmù onírin tirẹ̀ ṣì máa lò, di márùn-ún mọ́ ọn lára.