Àjẹ́ntì mi ti dolóògbé, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ẹrù mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Bùkọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Maṣíìnì ìránṣọ ńláńlá, irú èyí tí àwọn tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ń lò, ni mo ń kó wọlé láti Ṣáínà. Lọ́dún 2021, kọ̀nténà kan gba Àpápá jáde lórúkọ ilé-iṣẹ́ mi, Form M, ìyẹn ìwé tí a ń gbà ní báńkì kí a tó kó ẹrù wọlé, sì wà fún un. Ní 2022, mo da ẹrù díẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíì nínú kọ̀nténà ẹnì kan, kálukú sì san owó ibi tí ẹrù tirẹ̀ gbà. Àjẹ́ntì kan náà ló bá mi gba méjèèjì jáde. Bàbá náà ti dolóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni fáìlì wà, wọ́n sì ti kó kúrò níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo wá fẹ́ ṣí Form M tuntun. Báńkì ní àfi kí n mú SGD, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi kéde ẹrù fún kọ́sítọ́ọ̀mù, ti 2021 wá, pé owó jáde lọ sókè òkun ṣùgbọ́n àwọn ò rí ẹ̀rí pé ẹrù dé. Ẹrù dé o, mo ti tà á tán! Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáàfù ní kí n mú owó wá, òun á bá mi gbé ìwé méjèèjì jáde kíá. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá.

Sìstá Yẹ́misí

Ìyá Bùkọ́lá, ẹ má fún ẹni yẹn ní kọ́bọ̀. Báńkì lè fi nọ́ńbà orí ìwé náà wádìí lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Tí wọn ò bá rí i níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé tó sọnù á di ọ̀rọ̀ ìwé ayédèrú, orúkọ yín ló sì wà lórí rẹ̀.

Alhaji Múfútáù, àjẹ́ntì tẹ́lẹ̀ ní Tin Can

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Kí Ọlọ́run forí jin olóògbé.

Ìwé ló sọnù, àkọsílẹ̀ ò sọnù. Gbogbo SGD tó bá wọ kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń gba nọ́ńbà tí lẹ́tà C ṣíwájú rẹ̀, pẹ̀lú déètì àti èbúté. Tí wọ́n bá san owó rẹ̀ tán, nọ́ńbà rìsíìtì tí R ṣíwájú rẹ̀ á jáde. Ẹ má wá bébà, nọ́ńbà ni kí ẹ máa wá. Ti 2021 yín, orí NICIS II, ètò kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀, ló wà, kì í ṣe orí B'Odogwu, ètò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, nítorí náà ẹ dárúkọ ọdún náà dáadáa. Ẹni tó bá wo orí tuntun nìkan lè ní kò sí.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Àpápá. Ẹ tú WhatsApp àti ímeèlì tí ẹ̀yin àti olóògbé jọ fi ránṣẹ́ síra yín. Nọ́ńbà Form M máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MF, ọdún á wá tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà kọ̀nténà jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje, ó wà lórí Bill of Lading, ìwé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń fúnni. Ẹ yẹ rìsíìtì tẹ́míná wò pẹ̀lú, bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà C síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń gba ẹrù jáde, ilé-iṣẹ́ ló ni ín, kì í ṣe èèyàn kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lè ṣì wà nídìí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ANLCA, ẹgbẹ́ àwọn àjẹ́ntì kọ́sítọ́ọ̀mù. Tí ìyẹn ò bá bọ́ sí i, ẹ fi bébà ilé-iṣẹ́ yín kọ lẹ́tà sí Customs Area Controller, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, ti Àpápá, kí ẹ tọrọ ẹ̀dà SGD tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni. Ẹ so Form M, Bill of Lading àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín mọ́ ọn. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ máa mú padà wálé.

Adéọlá, òṣìṣẹ́ báńkì

Ẹ kú ìdúró, mà. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Alhaji. Báńkì yín gan-an ló fi ìwé ẹrù yẹn ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́ọ̀mù kí PAAR, ìyẹn ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó ẹrù ṣáájú kí ó tó dé, tó jáde. Ó yẹ kí Bill of Lading, invoice àti PAAR wà nínú fáìlì wọn. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sí òwò ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà. Tí lẹ́tà olóǹtẹ̀ ti Àpápá bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un lọ fún wọn, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àkókò díẹ̀.

Ìyá Bùkọ́lá

Ọlọ́run á gbọ́ tiyín o. Mo ti rí fọ́tò PAAR lórí WhatsApp, nọ́ńbà Form M wà lórí rẹ̀ kedere! Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ti 2022 ńkọ́?

Alhaji Múfútáù

Ìyẹn yàtọ̀, màmá, mi ò sì ní tàn yín. Orúkọ ẹni tó ni kọ̀nténà ló wà lórí SGD yẹn, kò sí èyí tó jẹ́ tiyín tẹ́nikẹ́ni lè bá yín wá jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní òun á gbé ìwé méjèèjì jáde fi ń dẹ́rù bà mí. Ẹ lọ bá oníkọ̀nténà, kí ó fún yín ní ẹ̀dà SGD rẹ̀, packing list (ìwé àkójọ ẹrù) tí ẹrù yín wà nínú rẹ̀, àti lẹ́tà tó fọwọ́ sí. Ẹ so wọ́n mọ́ invoice yín, kí ẹ fi pamọ́ de àwọn olówó orí. Báńkì ò béèrè ìyẹn.

Ti 2021, tí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀dà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Àwọn àpótí onínọ́ńbà wà lójú ìwé náà: Àpótí 8, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín. Àpótí 31, nọ́ńbà kọ̀nténà, ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpótí 33, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8452, torí maṣíìnì ìránṣọ nìyẹn. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ti Bill of Lading àti Form M, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un wò níbẹ̀ níbẹ̀.