Python 3.6 ò gba := àti match, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Python 3.6 (ẹ̀yà àtijọ́ èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) ló wà lórí sáfà oníbàárà mi kan, wọn ò sì gbà kí n yí i padà. Kóòdù tèmi, 3.10 ni mo fi kọ ọ́. Ti dataclasses (ohun tó ń mú kíláàsì tó ń kó dátà rọrùn láti kọ) ò le, èyí tí wọ́n ṣe fún 3.6 wà lórí PyPI, ibi tí a ti ń gba àfikún Python. Wàhálà ibẹ̀ ni := (tó ń fi iye sínú orúkọ láàárín gbólóhùn kóòdù) àti match (tó ń yan ohun tí kóòdù máa ṣe gẹ́gẹ́ bí dátà bá ṣe rí). Bó bá ti kan `if (n := len(ila)) > 5:` báyìí, SyntaxError (àṣìṣe gírámà kóòdù) ni; try/except, tí a fi ń mú àṣìṣe nígbà tí kóòdù bá ń ṣiṣẹ́, gan-an ò lè gbà mí, torí fáìlì náà ò tiẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ṣé irinṣẹ́ kan wà tó lè sọ wọ́n di ti àtijọ́, bí Babel ṣe ń ṣe fún JavaScript? Àbí kí n kúkú fọwọ́ tún gbogbo ẹ̀ kọ? Fáìlì ọ̀hún pọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.