Knoxville lẹ́yìn World's Fair 1982: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ẹ kú dédé yìí o. Knoxville ní Tennessee lèmi ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Màmá òyìnbó kan wà tí mò ń tọ́jú, téèyàn bá ti dárúkọ World's Fair, ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe níbí ní 1982, létí ẹ̀ báyìí, ojú ẹ̀ á kàn fà ro ni. Ó ní ńṣe ni lándílọ́ọ̀dù lé àwọn jáde torí ó fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ àlejò, àwọn táyálégbé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún sì pọ̀ nígbà yẹn.

Èrò wá lóòótọ́ o, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 11 láàárín oṣù mẹ́fà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìṣírò: èrè $57 ni ètò náà jẹ, ẹ̀yin ará, dọ́là mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Ìlú wá jókòó ti gbèsè $46 mílíọ̀nù, 2007 ni wọ́n tó san án tán. Jake Butcher, báńkà tó jẹ́ òpó ètò náà, ọjọ́ kejì tí wọ́n parí fíà làwọn ayẹ̀wéwò ìjọba àpapọ̀ ya wọ báńkì ẹ̀, báńkì yẹn kógbá sílé ní 1983, òun náà sì ṣẹ̀wọ̀n.

Èsì:
Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo ẹ̀. Yáàdì rélùwéè tó ti dẹnu kọlẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n ti ṣe fíà náà tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ wo World's Fair Park lásìkò ooru, omi á máa tú sókè látinú ilẹ̀, àwọn ọmọ mi á rẹ gbindingbindin, a ò sì san kọ́bọ̀. Tóòrùn bá ń wọ̀, gíláàsì góòlù Sunsphere, ilé gogoro olórí róbótó tí wọ́n kọ́ fún fíà yẹn, á pọ́n yòò bí ọsàn tí wọ́n fi igi gún. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ o, ká má parọ́. Tésàn rélùwéè àtijọ́ gan-an ti di ilé ìwé.

Èsì:
Bọ̀dá mi, páàkì yẹn dáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ ò san yẹn, àwọn kan ti bá yín san án. US Pavilion, ilé ìpàtẹ Amẹ́ríkà alájà mẹ́fà yẹn ńkọ́? Wọn ò rí nǹkan gidi fi ṣe lẹ́yìn fíà, 1991 ni wọ́n dà á wó. Mo ní kí n gbé màmá yẹn lọ sí páàkì lọ́jọ́ kan kó gba atẹ́gùn, ó ní òun ò lọ, àfi tí lándílọ́ọ̀dù yẹn bá ń dúró de òun níbẹ̀ pẹ̀lú dípọ́síìtì òun lọ́wọ́.