"Wáìnì gbígbẹ" kọ́: orúkọ wo la ó fún wáìnì tí ṣúgà rẹ̀ ti tán?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún wáìnì, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe èyí tí àwọn Faransé ń pè ní sec, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dry, ní "wáìnì gbígbẹ". Mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí omi tán lára rẹ̀ ló ń gbẹ: ẹja gbígbẹ, ilá gbígbẹ. Ṣúgà ló tán nínú wáìnì yìí, ìwúkàrà ló jẹ ẹ́, tó sọ ọ́ di álíkọ́ọ̀lù.

"Aláìdùn" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ rírò dùn láìsí ṣúgà. Ẹni tó bá ní Chablis, wáìnì funfun ilẹ̀ Faransé tí ṣúgà rẹ̀ ti tán, "kò dùn" ti bà á lórúkọ jẹ́. Ẹni tó dábàá "líle" ń wo ẹmu: t'àárọ̀ dùn, t'alẹ́ le. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ Port, wáìnì dídùn ilẹ̀ Pọtogí, wó o palẹ̀. Wọ́n ń da ọtí líle tí wọ́n sè láti ara àjàrà sí i kí ìwúkàrà tó jẹ ṣúgà tán. Ìwúkàrà á kú, ṣúgà á ṣẹ́ kù. Álíkọ́ọ̀lù rẹ̀ tó nǹkan bí 20%, síbẹ̀ ó ń dùn yùngbà. Muscadet, wáìnì funfun ilẹ̀ Faransé, kò ju nǹkan bí 12% lọ, ahọ́n kò sì ní rí ṣúgà kankan níbẹ̀.

"Aláìlóyin" ni tèmi. Ẹni tó bá ní àwọn èèyàn á rò pé a máa ń da oyin sí wáìnì, kó rántí ẹ̀wà olóyin. Ta ló da oyin sí i?

Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ òǹkà. Lábẹ́ òfin Yúróòpù, wáìnì tí kì í hó jẹ́ aláìlóyin bí ṣúgà rẹ̀ kò bá ju gíráàmù 4 lọ nínú lítà kan, tàbí 9 bí ásíìdì rẹ̀, èròjà tó ń fún un ní kíkan, kò bá fi ju gíráàmù 2 lọ kéré sí ṣúgà náà. Ti Champagne, wáìnì Faransé tó ń hó, yàtọ̀: èyí tí wọ́n kọ Brut sí lára kò tó gíráàmù 12, Extra Dry wà láàárín 12 sí 17. Ẹni tó bá túmọ̀ Extra Dry sí "gbígbẹ gan-an" ti sọ èyí tó dùn ju Brut lọ di èyí tí kò dùn tó o.

"Kíkan" ló gba sùúrù jù. Wáìnì funfun tí kò ní kíkan á tẹ́ lẹ́nu bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì ti gba "ọtí kíkan" fún èyí tí wọ́n fi kànìnkànìn fún Jésù lórí àgbélébùú, nítorí náà ẹ má pe Riesling, irú wáìnì funfun kan tó ní kíkan dáadáa, ní "wáìnì kíkan". "Ó ní kíkan" ni ìyìn, bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. "Ó ti kan" ni àbùkù. Láti wọn kíkan, ẹ tu wáìnì náà dànù, kí ẹ wo bí itọ́ ṣe ń yára sun lábẹ́ ahọ́n. Kíkan máa ń bo ṣúgà mọ́lẹ̀: Kabinett, irú wáìnì kan láti agbègbè Mosel ní Jámánì, lè ní ṣúgà gíráàmù 40 nínú lítà, kí ẹnu má sì gbọ́ tó ìdajì rẹ̀. Ìdí nìyí tí "aláìlóyin" fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òǹkà, kí a fi "adùn" sílẹ̀ fún ẹnu.

Tánìn, èròjà inú èèpo àti kóró àjàrà, ńkọ́? Kì í ṣe kíkorò. Ewúro korò lórí ahọ́n. Tánìn ń so mọ́ èròjà inú itọ́, erìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì le gbagidi, bí ìgbà téèyàn jẹ obì tútù. Ẹnìkan dábàá "ìfẹnu", láti ara fa ẹnu, àmọ́ gbogbo ayé á gbọ́ ọ bíi fi ẹnu. "Ìfúnnupọ̀", láti ara fún ẹnu pọ̀, sàn, kí tánìn fúnra rẹ̀ máa jẹ́ tánìn. Wáìnì pupa ni Beaujolais àti Barolo: ẹ fi Beaujolais tí tánìn rẹ̀ kéré wé Barolo tí tirẹ̀ pọ̀, ẹ ó rí i. Kí Barolo wà ní nǹkan bí 17°C. Bó bá tutù jù, ìfúnnupọ̀ rẹ̀ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ wọn wò, ẹ bu 50 ml sínú ife kọ̀ọ̀kan. Muscadet ni kó ṣáájú, Sauternes, wáìnì dídùn ilẹ̀ Faransé, ni kó kẹ́yìn. Bí Sauternes bá ṣáájú, Muscadet á dà bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán.

Èyí tó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa, ẹ má sọ pé "ó ti kan". Kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí wọ́n fi dí ìgò, ló bà á jẹ́. "Wáìnì bíbu" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ wáìnì náà kò bu. "Òórùn kọ́ọ̀kì bíbu" ni mo fi sílẹ̀ báyìí, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.