Eegun scaphoid tó dá ní ọrùn-ọwọ́ mi, àti ìdí tí a fi yan iṣẹ́ abẹ

Iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí ọ̀kadà yọ̀ pẹ̀lú mi lójú ọ̀nà Arákalẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. X-ray àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, wọ́n ní iṣan ló fà, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kòtò kékeré tó wà ní ìdí àtàǹpàkò, èyí tí ó máa ń hàn bí a bá na ìka náà sókè, kò ṣe é fọwọ́ kàn.

Àbúrò mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oǹdó, ló mú mi lọ bá dókítà eegun níbẹ̀. Dókítà náà tẹ kòtò yẹn, ó di ọwọ́ náà sínú POP (ìdì funfun tó máa ń le gbagidi tí a fi ń mú eegun dúró), ó sì ní kí a tún ya X-ray lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé scaphoid lè dá kí ojú ibi tó ti dá má tètè hàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Àlàyé tó ṣe fún wa ni mo fẹ́ kí ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí mọ̀. Nínú eegun mẹ́jọ tó wà ní ọrùn-ọwọ́, scaphoid, tí ó rí bí kóró kajú, ló máa ń dá jù lọ. Ìhà ìka ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ ń gbà wọlé kí ó tó ṣẹ́rí padà sí ìhà apá, nítorí náà bí eegun náà bá dá, abala tó wà níhà apá lè ṣaláìrí ẹ̀jẹ̀, kí ó má jinná, tàbí kí ó tilẹ̀ kú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a béèrè ibi tí ó ti dá, àti bóyá ó yẹ̀, kí a tó béèrè iye owó.

Bí ó bá dá láàárín tí kò yẹ̀, POP lè tó. Àbọ̀ ìwádìí ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2020, fi hàn pé bí ó bá dá láàárín, tí kò yẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ, lẹ́yìn ọdún kan, ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú POP kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bí wọ́n bá ṣáà ti tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí eegun tirẹ̀ kọ̀ láti jinná.

Tèmi dá níhà apá gan-an, a sì gbà pé kí wọ́n fi síkúrù sí i láti ẹ̀yìn ọrùn-ọwọ́. Síkúrù yìí kò ní orí. Timothy Herbert, dókítà ará Australia, ló kọ nípa irú rẹ̀ ní 1984. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ìlà ìhà kan rẹ̀ fẹ̀ ju ti èkejì lọ, nítorí náà bí wọ́n ti ń yí i wọlé ló ń fa ojú eegun méjèèjì pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì rì sínú eegun láìyọ síta láti máa ha oríkèé. Àwòrán CT tó fi hàn pé eegun ti so pọ̀ ni wọ́n dúró dè kí wọ́n tó gbà mí láàyè láti gbé ohun wúwo.

Káfíńtà kan láti Ìdànrè tí a jọ ń lọ gba ìtọ́jú kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi omi gbígbóná wọ́ ọwọ́ tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n eegun tó kéré, tó fara pamọ́ báyìí, kò sí ọwọ́ tó lè tò ó láti òde. Nígbà tí tirẹ̀ kò jinná, àwọn dókítà ní láti bu eegun díẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀ láti fi dí àlàfo kí síkúrù tó wọlé. Bí èyí kò bá mú un jinná, wọ́n ní ó ku kí wọ́n bu eegun mìíràn pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bí oríkèé bá sì ti bàjẹ́, wọ́n lè yọ àwọn eegun kan tàbí kí wọ́n so wọ́n pọ̀, èyí tí yóò dín ìrora kù ṣùgbọ́n tí yóò gba apá kan nínú bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti bu eegun oníṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ó ti rí fún yín, kí n lè sọ fún un kí ó tó pinnu.